Mẹ́tàdínlógójì: Ẹ̀kọ́ Ipò Òǹkà àti Ìdì Igi Ọwọ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí a padà dé láti ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, a ní kí ẹni tí ó bá rí ohun kan kọ́ níbẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé wa yìí fún àǹfààní gbogbo wa. Ohun tí mo ní láti sọ kì í ṣe ohun ńlá. Àṣìṣe ọmọdékùnrin kan ni, èyí tí ó wá di àṣìṣe tèmi nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Ọmọ náà kọ 43 níbi tí mo ti ní kí ó kọ mẹ́tàdínlógójì. Bí ẹ bá ti kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì ní ìṣirò rí, ẹ ó ti rí irú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé pàṣán ni ẹ fi dá a lóhùn.

Ẹ̀kọ́ tí mo múra sílẹ̀ fún ọjọ́ náà ni ẹ̀kọ́ ipò òǹkà, èyíinì ni pé àmì òǹkà kan náà a máa níye lórí gẹ́gẹ́ bí ipò tí a bá fi í sí. Àmì 3 tí ó dá dúró jẹ́ mẹ́ta. Bí ó bá bọ́ sí ipò kejì láti ọwọ́ ọ̀tún, ó di ọgbọ̀n. Bí ó bá tún sún sí ipò kẹta, ó di ọ̀ọ́dúnrún. Òru méjì ni mo fi ya àwòrán kan sórí páálí ńlá: ojú ìlà mẹ́ta, ọ̀dà pupa fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀dà aláwọ̀ ewé fún mẹ́wàá-mẹ́wàá, ọ̀dà aláwọ̀ aró fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Mo gbé e kọ́ ara ògiri, mo ń fi ọ̀pá tọ́ka sí i, àwọn ọmọ sì ń fi ohùn kan pè é tẹ̀lé mi lédè Gẹ̀ẹ́sì, títí kíláàsì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fi dákẹ́ láti gbọ́ wa. Olùkọ́ àgbà tí ó wá wo iṣẹ́ mi yin àwòrán náà. Èmi pẹ̀lú yin ara mi nínú ọkàn mi. Nígbà tí ó jáde tán ni mo ní kí wọ́n mú ìwé wọn, kí wọ́n sì kọ mẹ́tàdínlógójì sílẹ̀ ní àmì òǹkà. Mo rí 37 díẹ̀. Mo rí 307, láti ọwọ́ ọmọ kan tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì rò ó, tí ó kọ ọgbọ̀n tán kí ó tó kọ méje. Mo sì rí 43 tí ó pọ̀ ju bí mo ti fẹ́ lọ.

Mo pe ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ 43, ọmọ tí ó jókòó ní iwájú, mo sọ fún un pé ó ti ṣì í. Ó pa á rẹ́, ó ronú díẹ̀, ó sì tún kọ 43. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. N kò sì lè sọ pé ojú tèmi kò korò. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ọ̀rọ̀ tí mo lè kábàámọ̀, ojú mi bọ́ sí ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀ ní igun yàrá, mo sì ní kí ó ka mẹ́tàdínlógójì nínú igi rẹ̀ wá fún mi. Ó kúnlẹ̀ tì í, ó kà á lẹ́yọ-lẹ́yọ, kò fo ọ̀kan, kò ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kó igi 37 géérégé lé orí tábìlì mi.

Mo ní, “Ṣé mẹ́tàdínlógójì nìyí?”

Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Tíṣà.”

“Kí ni o wá kọ sínú ìwé rẹ?”

Ó wo ìwé, ó wò mí, ó ní, “Ogójì ni, Tíṣà, mo kọ mẹ́rin rẹ̀. Mẹ́ta ni ó dín, mo sì kọ mẹ́ta náà.”

N kò rí èsì fún un ní ọjọ́ náà. Ọmọ yìí mọ òǹkà. Ó kà á tán lójú mi. Ó mọ̀ pé ogójì a máa ní mẹ́rin níwájú. Ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ni ó kọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti gbọ́ ọ, tí kò sì yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Èmi ni mo rò pé àwòrán mi ti sọ ohun gbogbo fún un, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán náà kò bá ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ pàdé níbì kankan.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí orúkọ òǹkà wa ti rí, nítorí ohun tí a mọ̀ láti ìgbà ọmọdé ni a kì í sábà wò. Láti mọ́kànlá títí dé mẹ́rìnlá, a ń fi kún ẹ̀wá. Bí ó bá di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a ti kọjú sí ogún, a sì ń dín in: mẹ́rìndínlógún, mẹ́tàdínlógún, títí dé mọ́kàndínlógún. Lẹ́yìn ogún a tún fi mẹ́rin kún un, láti mọ́kànlélógún dé mẹ́rìnlélógún, kí a tó máa dín in kúrò nínú ọgbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ. Bí ẹ bá kà á láti ọ̀kan dé ọgọ́rùn-ún, ẹ ó rí i pé 45 nínú wọn ni orúkọ wọn ń dín láti inú ẹ̀wá tí ó wà níwájú. Àní àádọ́ta fúnra rẹ̀, ẹ̀wá dín ní ọgọ́ta ni. Àádọ́rin, ẹ̀wá dín ní ọgọ́rin. Ogójì, ọgọ́ta àti ọgọ́rin sì jẹ́ ogún méjì, ogún mẹ́ta, ogún mẹ́rin. Nítorí náà nígbà tí ọmọ Yorùbá bá gbọ́ mẹ́rìndínláàádọ́ta, àádọ́ta ni ó ń dún ní etí rẹ̀, mẹ́rin sì ń dún, ṣùgbọ́n 4 àti 6 ni a fẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ kọ. Ó mà ṣòro o! Ó sàn fún un nígbà tí ó bá jẹ́ mẹ́rìnlélógójì, nítorí níbẹ̀ etí àti ọwọ́ ń bá ara wọn lọ. Mo padà wo ìwé àwọn ọmọ mi lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì rí i pé níbi tí “lé” bá wà ni wọ́n ti ń gbà á, níbi tí “dín” bá wà ni wọ́n ti ń ṣubú.

Àmì òǹkà tí a ń kọ, ilé mìíràn ni ó ti wá. Íńdíà ni a ti kọ́kọ́ lò ó. Ọ̀mọ̀wé ibẹ̀ kan, Brahmagupta, kọ òfin bí a ti ń fi òdo ṣe ìṣirò sílẹ̀ ní 628. Àwọn Lárúbáwá gbà á lọ́wọ́ wọn, ìwé tí Leonardo ará Písà ní Ítálì sì kọ ní 1202 ràn án lọ́wọ́ púpọ̀ láti tàn kálẹ̀ ní Yúróòpù. Mẹ́wàá-mẹ́wàá ni ilé yẹn fi ń di ẹrù rẹ̀, kì í sì í dín. Ilé tiwa ń fi ogún dì í, ó sì ń dín. Ọmọ tí ó jókòó níwájú wa ń gbé nínú ilé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, a kò sì fi ọ̀nà tí ó já láàrin wọn hàn án.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn baba wa kò mọ bí a ti ń di òǹkà ní ìdì. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì CMS tí ó gbé Ìjàyè, kọ ọ̀rọ̀ kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1887 nípa òǹkà Yorùbá, ó sì ṣàlàyé bí àwọn tí ń ka owó ẹyọ ti ń fi ọwọ́ wọ́ ọ ní márùn-ún márùn-ún, tí márùn-ún lọ́nà ogún sì ń di ọgọ́rùn-ún. Wọ́n a máa sín ogójì owó ẹyọ sí okùn kan. Àádọ́ta irú okùn bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹgbàá, èyíinì ni 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, èyíinì ni 20,000. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ kan tí ó mú mi ronú púpọ̀. Okùn owó ẹyọ, okùn ni, ìbáà jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ni o gbé e sí tàbí ọwọ́ òsì. Ojú ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Àmì 3 kò rí bẹ́ẹ̀. Kò tóbi sí i nígbà tí ó di ọgbọ̀n, kò sì sanra nígbà tí ó di ọ̀ọ́dúnrún; ibi tí ó dúró nìkan ni ó yí padà.

Ibi yìí gan-an ni mo ti rò pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe àṣìṣe nípa ohun àfihàn. A ti kọ́ wa pé kí a di igi ní mẹ́wàá-mẹ́wàá kí a sì fi han àwọn ọmọ, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ìdì igi mẹ́wàá dàbí okùn owó ẹyọ: mẹ́wàá ni níbikíbi tí o bá jù ú sí. Ọmọ lè fi ìdì kà títí, kí ó má sì mọ nǹkan kan nípa ipò. Férémù onílẹ̀kẹ̀ ọgọ́rùn-ún tí ó wà nínú kíláàsì mìíràn kò sàn jù ú lọ fún iṣẹ́ yìí, nítorí ìlẹ̀kẹ̀ ojú wáyà òkè kò níye ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Ó dára fún kíkà, n kò sì ní kí a sọ ọ́ nù. Àwòrán tèmi sì burú ju méjèèjì lọ, nítorí ọwọ́ ọmọ kò kan ohunkóhun nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo padà sí kíláàsì náà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, mo ká àwòrán mi kúrò. Mo ti gé igi ọwọ̀ ní ìwọ̀n kan náà, nítorí bí ọ̀kan bá gùn tí ọ̀kan sì kúrú, ìdì mẹ́wàá a máa jọ ìdì méje. Mo ní ìko fún dídì. Mo sì ní ògbólógbòó aṣọ kan tí ìyá mi bá mi rán àpò mẹ́ta mọ́ ní ojú kan: àpò ẹyọ ní ọwọ́ ọ̀tún, àpò ìdì ní àárín, àpò ẹrù ní ọwọ́ òsì. Ẹrù ni mo pe ìdì mẹ́wàá tí a bá so pọ̀, nítorí àwọn ọmọ mọ ẹrù igi dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n má baà gbàgbé: ara ògiri ni kí ẹ gbé aṣọ náà kọ́. Mo kọ́kọ́ mú ọmọ mẹ́ta dúró kọjú sí kíláàsì, kí wọ́n gbé igi lọ́wọ́ bí ẹni pé àwọn ni àpò. Ọ̀tún wọn di òsì àwọn tí ń wò wọ́n, gbogbo rẹ̀ sì dojú rú.

Mo pín igi fún wọn. Ọmọ 40 ni wọ́n. Mo fi wọ́n ṣe méjì-méjì, mo sì fún méjì kọ̀ọ̀kan ní igi 50, kí wọ́n dì í ní ìdì márùn-ún. Mo ní, “Ẹ kó ogójì síwájú yín.” Wọ́n kó ìdì mẹ́rin. Mo ní, “Ẹ sọ ọ́ di mẹ́tàdínlógójì.” Gbogbo ilé dákẹ́. Wọ́n ń wo ìdì, kò sì sí ẹyọ kan nílẹ̀ tí wọn ìbá yọ. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ fi ara dà á nígbà tí ilé bá dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣe ẹ̀dá bí ẹni pé kí ó sọ èsì náà jáde. Níkẹyìn ọmọbìnrin kan béèrè pé, “Tíṣà, ṣé kí n tú u?” Mo ní kí ó tú u. Ó tú ìdì kan, ó yọ mẹ́ta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ka ohun tí ó kù: ìdì mẹ́ta, ẹyọ méje. Ọmọ tí ó kọ 43 níjọ́sí ń wò ó láti ẹ̀yìn. Ó padà sí àyè rẹ̀, ó tú ìdì tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún un kí ó tó kọ 3 àti 7.

Láti ìgbà náà ni a ti ń pe òǹkà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì nínú kíláàsì mi: “Mẹ́tàdínlógójì: ìdì mẹ́ta, ẹyọ méje.” “Méjìdínláàádọ́ta: ìdì mẹ́rin, ẹyọ mẹ́jọ,” èyí tí í ṣe iye ọmọ ayò tí ó wà nínú ọpọ́n kan, bí àwọn ọmọkùnrin ti fi ìgbéraga sọ fún mi. N kò fi orúkọ kejì gba ipò ti àkọ́kọ́. Mo ti gbọ́ kí àwọn kan wí pé kí a pa orúkọ àwọn baba wa tì nínú ìṣirò, tàbí kí a máa fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan kọ́ ọmọ kéékèèké, kí wàhálà má baà sí. N kò gbà á. Ọmọ tí ó kọ 307 kò rí ìrànlọ́wọ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ wọn, ìṣirò pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn lẹ́yìn àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́.

Lẹ́yìn ìdì ni ìgbésẹ̀ tí ó ṣòro jù, òun sì ni kò yẹ kí a fò. Nígbà tí wọ́n ti mọ̀ pé ìdì kì í wọ àpò ẹyọ, tí ẹyọ mẹ́wàá kò sì gbọdọ̀ gbé àpò ọ̀tún láìdì, mo kó igi kúrò, mo sì mú ọmọ ayò jáde. Dípò ìdì mẹ́ta, mo fi ọmọ ayò mẹ́ta sí àpò àárín. Dípò ẹyọ méje, mo fi ọmọ ayò méje sí àpò ọ̀tún. Wọ́n rí ara wọn bákan náà; kò sí èyí tí ó tóbi ju èkejì. Mo béèrè pé èwo ni ọgbọ̀n. Wọ́n tọ́ka sí mẹ́ta àárín. Mo mú ọ̀kan kúrò ní àárín, mo sọ ọ́ sí àpò ọ̀tún, mo ní, “Ṣé iye rẹ̀ ṣì jẹ́ bákan náà?” Ariwo sọ! Ọmọ kan pariwo pé Tíṣà ti sọ mẹ́sàn-án nù. Mo gbà pé òtítọ́ ni, nítorí 37 ti di 28. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé wọ́n ti rí ipò.

Òdo kò tún nira mọ́. Ṣáájú èyí, bí mo bá ní kí wọ́n kọ igba ó lé márùn-ún, wọn a kọ 2005, nítorí wọ́n kọ igba tán kí wọ́n tó fi márùn-ún tì í. Pẹ̀lú aṣọ náà wọ́n rí ẹrù méjì ní òsì, ẹyọ márùn-ún ní ọ̀tún, àpò àárín sì ṣófo. Òdo ni a fi ń ṣọ́ àpò tí ó ṣófo, kí ẹni tí ó wà ní òsì má baà sún wá jókòó níbẹ̀.

Owó náà lè ràn wá lọ́wọ́ nísinsìnyí. Nígbà tí Nàìjíríà ń ná pọ́n-ùn, kí náírà tó dé ní 1973, kọ́bọ̀ méjìlá ni ó wà nínú ṣílè kan, ogún ṣílè nínú pọ́n-ùn kan. Olùkọ́ tí ó bá fi owó kọ́ni ní ipò òǹkà nígbà náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá wàhálà ni. Ṣùgbọ́n owó bébà náírà mẹ́wàá, ọgọ́rùn-ún àti ẹgbẹ̀rún ń pààrọ̀ ara wọn ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Kí a má kàn fi ti ogún náírà, àádọ́ta àti igba sí i títí wọn yóò fi lóye.

Èrè tí n kò retí ni ti ìyọkúrò. A ti kọ́ mi ní kékeré pé bí 2 kò bá gba 7, kí n lọ yá ọ̀kan lọ́wọ́ aládùúgbò. Mo yá a fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò sì san án padà rí, n kò sì mọ ìdí tí ẹni tí ó yá mi ní ọ̀kan fi ń di mẹ́wàá lọ́wọ́ mi. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò yá nǹkan kan. Nígbà tí mo ní kí wọ́n yọ 27 kúrò nínú 62, wọ́n tú ìdì kan nínú mẹ́fà, ó ku márùn-ún pẹ̀lú ẹyọ méjìlá. Wọ́n yọ ìdì méjì àti ẹyọ méje, ó ku ìdì mẹ́ta àti ẹyọ márùn-ún. Ohun tí “dín” ti kọ́ wọn ni.

Ọmọbìnrin tí ó kọ́kọ́ tú ìdì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kó ìdì mẹ́ta kúrò pátápátá, ó fa igi mẹ́ta yọ nínú ọ̀kan nínú wọn, ó sì dá a padà sórí èyí tí ó kù. Mo ti fẹ́ wí pé ó ṣì í kí n tó rí i pé 35 ni ó wà níwájú rẹ̀. Mo béèrè bí ó ti rò ó. Ó ní, “Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ẹ ní kí n mú, Tíṣà. Mo mú ọgbọ̀n, mo dá mẹ́ta padà.” Ìwé ìṣirò tí mo gbé lọ́wọ́ kò ní ọ̀nà yẹn. Ẹnu ìyá rẹ̀ ni ó ti gbà á.

N kò ní fi pamọ́ pé iṣẹ́ náà ní ìnira. Ìko a máa tú, igi a máa ṣẹ́, àwọn ọmọ a máa fi gún ara wọn, àkókò ìṣirò a sì máa tán nígbà tí ìdì kò tíì tán. Ní ọjọ́ ìkẹyìn mi níbẹ̀ mo ní kí ẹgbẹ́ ogún náà kó gbogbo igi wọn jọ, kí a di ẹrù mẹ́wàá kí wọ́n lè fi ojú rí ẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan. Ẹrù mẹ́sàn-án pé. Ti ẹ̀kẹwàá kò pé. Ìdì mẹ́sàn-án àti ẹyọ méje ni a rí. Wọ́n ń wí láàrin ara wọn pé, “Ẹgbẹ̀rún ó dín mẹ́ta.” Mo ní kí ẹnì kan wá kọ ọ́. Ọmọ tí ó kọ 43 dìde, ó gba ẹfun lọ́wọ́ mi, ó kọ 997 sára pátákó, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti wá igi mẹ́ta náà lábẹ́ àga.